Awọ ẹ̀yìn etí tí wọ́n fi dí ojú egbò ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi: bó ṣe rí lára mi

Àfín ni mí. Bàbá mi dúdú, ìyá mi dúdú, àmọ́ àwọn méjèèjì ló gbé àbùdá yìí sára. Egbò kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó ń gbẹ, tó tún ń là, tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí láàbù, èsì sì ní jẹjẹrẹ awọ ni, irú èyí tí oòrùn máa ń kó bá wa. Wọ́n á gé e pẹ̀lú awọ díẹ̀ tó yí i ká, ihò tó máa kù kò sì ní ṣeé rán pọ̀.

Mo rò pé itan ni wọ́n máa ti bu awọ. Dókítà ní awọ itan tí wọ́n ń fá ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń sún kì lójú, ẹ̀yìn etí ló dáa. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ tètè jinná, ẹnikẹ́ni kò sì rí àpá rẹ̀.

Gọ́ọ̀sì tí wọ́n rán mọ́ orí awọ náà ló le jù. Awọ tuntun kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi ojú egbò ló ń mu títí iṣan ẹ̀jẹ̀ á fi wọ inú rẹ̀. Tó bá yẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ rẹ̀, ó kú nìyẹn. Ẹ̀kọ ni mò ń mu, mi ò lè rẹ́rìn-ín, mo sì lé àwọn àbúrò mi aláwàdà jáde. (Ìyá àgbà wa ní kí wọ́n yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ mi, pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ẹyin àti ẹja ni kí wọ́n wá.)

Ohun tó bí mi nínú: kò sẹ́ni tó kìlọ̀ pé awọ náà á dúdú bí ẹ̀jẹ̀ dídì nígbà tí wọ́n bá tú gọ́ọ̀sì náà. Mo ti ń sunkún pé ó ti kú kí dókítà tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Gọ́ọ̀sì àti oògùn, àpò ara wa ló ti jáde.

Ní báyìí, ó lẹ̀ dáadáa. Ojú ibẹ̀ jìn díẹ̀, ó sì funfun ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kù lọ, nítorí oòrùn kò rí ẹ̀yìn etí rí. Eṣinṣin lè bà lé e kí n má mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí egbò ojú rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná, kó tètè lọ. Èyí tó bá kéré lè má gba awọ rárá.

Ṣùgbọ́n ihò ni wọ́n dí, wọn kò pa àbùdá dà. Fìlà elétí gbòòrò àti ìpara tó ń dènà oòrùn kò kúrò lọ́rùn mi. Dókítà ti ń ṣọ́ ibì kan lórí imú mi. Tó bá di gígé, etí kejì ṣì wà.