Párásúùtì tokunbo méjì tí mo rà fún bàálù RV-8 mi

Dọ́là 900 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn bí báàgì ọmọ iléèwé. Ìyàwó mi ní òun ò rí agbòjò tó wọ́n tó báyìí rí.

Àbúrò mi, tó ń bá mi fò, ló fà á. Bí mo bá dá wà nínú bàálù yìí, tí mo fọwọ́ ara mi tò nínú gáréèjì níbí ní Georgia, òfin FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù, ò ní kí n gbé párásúùtì kí n tó fi í tàkìtì lójú ọ̀run. Àmọ́ bí èrò bá ti wà lẹ́yìn, tí mo wá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá dígírì 60, tàbí tí imú rẹ̀ lọ sókè tàbí kọ sísàlẹ̀ kọjá dígírì 30, àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ gbé e.

Ẹni tó tà á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgbà tó délé ni mo fa káàdì inú àpò rẹ̀ yọ: ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti ká a gbẹ̀yìn! Párásúùtì onínáílọ́ọ̀nù, ẹni tó níwèé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ tún un ká láàárín ọjọ́ 180. Ti sílíìkì, ọjọ́ 60 péré. Mo gbé e tọ bàbá òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ náà lọ. Ó ní kí n gbé e kọ́rùn, kí n fà á fúnra mi. Mo fọwọ́ kan fa irin pupa tí a fi ń ṣí i, kò mira. Mo fọwọ́ méjèèjì fà á, ni aṣọ funfun bá tú fàà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi so okùn rẹ̀ ti gbẹ, ó ń já lọ́wọ́ bàbá náà bí ewé.

Ó rọrùn láti gbé, bí mo tiẹ̀ yọ tìmùtìmù ẹ̀yìn ìjókòó kí ó tó gbà mí. Tó bá ti pé wákàtí kan, èjìká á máa dùn mí. Ìwọ̀n tiẹ̀ náà wà nínú ìṣirò o: ẹrù tí bàálù yìí lè gbé tàkìtì kò tó èyí tó lè gbé rìn lásán, nítorí náà epo ni mo ń dín kù.

Màá tún rà á, ṣùgbọ́n fọ́tò káàdì ni màá kọ́kọ́ béèrè.

Ohun tó já mi láyà jù ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí a ṣe balẹ̀, àbúrò mi tú bẹ́líìtì ìjókòó, ó tú ti párásúùtì mọ́ ọn, ó fi í sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó sì bọ́ sílẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. “Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ń wò mí báyẹn?” Bó bá jẹ́ òkè ló ti ṣe bẹ́ẹ̀, á bẹ́ sílẹ̀ láìsí párásúùtì lẹ́yìn rẹ̀! Láti ọjọ́ náà, orí ilẹ̀ níta la ti ń bọ́ ọ.