Sítírípù tó ń sọ ìgbà tí ẹyin fẹ́ jáde: mo rà á, mo sì lò ó

Kí n tètè sọ ọ́: sítírípù tí wọ́n ń tẹ̀ bọ ìtọ̀ láti fi mọ ìgbà tí ẹyin obìnrin fẹ́ jáde tó owó tí wọ́n ń tà á ní kẹ́míìsì. Bébà àlàyé inú páálí rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ni wọ́n kọ kún un, ibi tó sì yẹ kó yé èèyàn jù ni wọ́n fò. Biology ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Òṣogbo, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á.

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti sọ fún pé ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀ ni ẹyin máa ń jáde. Ẹni tí tiẹ̀ ń padà wá ní ọjọ́ 28 ni ìyẹn bá mu. Tèmi máa ń tó ọjọ́ 35. Ìdajì àkọ́kọ́ ló máa ń gùn tàbí kó kúrú lára wa; láti ìgbà tí ẹyin bá ti jáde sí ìgbà tí nǹkan oṣù mìíràn á dé, nǹkan bí ọjọ́ 14 ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ẹ yọ 14 kúrò nínú 35: nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún ni tèmi ń jáde. Tọkọtaya tó bá ń ṣọ́ ọjọ́ kẹrìnlá lórí irú ara tèmi ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣáájú ẹyin, ẹyin náà kì í sì í lò ju wákàtí 24 lọ lẹ́yìn tó bá jáde.

Kí wá ni sítírípù ń rí? Kóró kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pituitary. Òun ló ń da họ́mónù FSH sínú ẹ̀jẹ̀. Tí FSH bá dé ibi tí ẹyin ń gbé, àpò ẹyin mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, ọ̀kan á wá yọrí ju ìyókù lọ. Àpò yìí ń ṣe họ́mónù estrogen, estrogen sì ń mú kí inú ilé ọmọ nípọn sí i. Nígbà tí estrogen kò tíì pọ̀, ṣe ló ń ká pituitary lọ́wọ́ kò. Ibi tó ṣì ń yà mí lẹ́nu nìyí, pẹ̀lú bí mo ṣe ń kọ́ ọ lọ́dọọdún: bí estrogen bá ga, tó sì wà lókè bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ á yí padà, òun kan náà á wá máa ti pituitary láti tú họ́mónù mìíràn, LH, jáde yanturu. LH yìí ló ń bá ìtọ̀ jáde tí sítírípù ń mú. Láàárín wákàtí 24 sí 36 lẹ́yìn tó bá ti gbéra, àpò á bẹ́, ẹyin á jáde. Àpò tó bẹ́ yẹn náà kì í ṣòfò, họ́mónù progesterone ló ń ṣe láti gbé ilé ọmọ ró. Bí oyún kò bá dúró, á súnkì, progesterone á lọ sílẹ̀, ohun tó ti nípọn nínú ilé ọmọ á sì wó. Ẹ̀jẹ̀ tí à ń rí lóṣooṣù nìyẹn.

Ẹ máa ṣe é lọ́sàn-án. LH sábà máa ń gbéra láàárọ̀, ó sì ń gba wákàtí díẹ̀ kó tó hàn nínú ìtọ̀. Ẹ má mu omi púpọ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ tẹ orí rẹ̀ bọ ìtọ̀, kó má kọjá ìlà MAX, ẹ ó rí i tí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan á máa gun bébà funfun náà lọ sókè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kẹ́ ẹ wò ó. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀: ti àyẹ̀wò, àti ìkejì rẹ̀ tó ń fi hàn pé sítírípù ṣiṣẹ́. Bí ìlà àyẹ̀wò kò bá pọ́n tó ìkejì rẹ̀, kò tíì yá. Ó yàtọ̀ sí ti oyún, níbi tí ìlà fírífírí lásán ti tó, torí pé LH díẹ̀ máa ń wà lára wa nígbà gbogbo. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan rí ìlà fírífírí, ó ti ń pe ọkọ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Bébà àlàyé yẹn ni mo dá lẹ́bi. Tèmi ṣe fírífírí títí di ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kẹta tó pọ́n ju ìkejì rẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mo yà á ní fọ́tò.

Díẹ̀ nínú páálí tèmi kò fi ìlà kankan hàn. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ara rẹ̀ kò gba ooru tó bá ju 30°C lọ, torí náà ẹ má fi í sínú ọkọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ má fi í dènà oyún o. Àtọ̀ lè wà láàyè fún ọjọ́ márùn-ún nínú obìnrin, kí ìlà sì tó pọ́n, ọjọ́ tó léwu ti ń lọ. Kò sì lè rí ẹyin fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ní PCOS (àìsàn họ́mónù tí kì í sábà jẹ́ kí ẹyin jáde déédéé) lè máa rí ìlà tó pọ́n lọ́pọ̀ ọjọ́ láìjẹ́ pé ẹyin jáde. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún progesterone, ní nǹkan bí ọjọ́ méje kí nǹkan oṣù tó dé, ló ń fìdí ìyẹn múlẹ̀. Fún èmi, ọjọ́ 28 nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ 21 tí wọ́n sábà máa ń kọ fún gbogbo èèyàn.

Ẹni tí tiẹ̀ bá ń wá déédéé, bó tilẹ̀ pẹ́ bíi tèmi, kó rà á. Ẹni tó ń rí tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kó tọ́jú owó rẹ̀, kó lọ rí dókítà, kí ọkọ rẹ̀ sì bá a lọ, torí àtọ̀ náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀.