Ìkìlọ̀ fún onímọ́tò: ẹ ka igun gíláàsì kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin onímọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọ̀nà o. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ láti ọdún 17 sẹ́yìn, tí mo ń kó aṣọ láàárín Èkó àti Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni àwọn ọmọkùnrin méjì fi gíláàsì iwájú ọkọ̀ lù ní jìbìtì lọ́sàn-án gangan. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ́ẹ́ kó sínú pańpẹ́ kan náà. Ni mo bá ní ó tó.

Mò ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ náà, mo ti kọjá Ògèrè. Tipá kan tó kó òkúta wẹ́wẹ́ wà níwájú mi, kò fi nǹkan kan bo ẹrù rẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Mò ń wá ọ̀nà àtiyà á sílẹ̀ ni òkúta kan fò sókè, ó bà gíláàsì mi, kò! Àyà mi já. Nígbà tí mo ráyè dúró wò ó, ojú ibi tó bà ò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ, ó yọ ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́ta bí aláǹtakùn. Apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ló wà, kò dí mi lójú rárá.

Ohun tí ǹ bá ti mọ̀ lọ́jọ́ náà nìyí. Gíláàsì iwájú kì í ṣe ẹyọ kan. Gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín wọn. Ike yẹn ló ń di àfọ́kù mú kó má baà fọ́n sí èèyàn lójú. Ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn yàtọ̀: ooru ni wọ́n fi mú un le, ìyẹn tó bá fọ́, ṣe ló máa ń dà wóró wóró bí yìnyín. Torí náà, tó bá jẹ́ pé gíláàsì ìta nìkan ni òkúta gbẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀, àwọn kan wà tó ń tún un ṣe láì pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ojú ọgbẹ́ náà jáde, wọ́n á fún oje kan tó mọ́ gaara sí i, wọ́n á wá tan iná kan sí i títí tó fi máa gan. Ibi tí mo ti wá bèèrè nígbà tó yá, owó rẹ̀ ò tó ìdá mẹ́wàá owó gíláàsì. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Tí eruku àti omi bá ti wọ ibẹ̀, kò ní mú mọ́. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ má sì tan AC tagbáratagbára sára gíláàsì tí oòrùn ti yan. Omi tútù náà ò gbọ́dọ̀ kàn án.

Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń ta gíláàsì lẹ́bàá títì ni mo kọrí sí nígbà tí mo wọ Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òótọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mi ò tíì pa ọkọ̀ tí ọmọkùnrin kan ti sáré yọ.

"Mọ̀mí mi, ẹ káàbọ̀ mà. Háà! Mọ̀mí, kí lẹ gbé wá yìí?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé gíláàsì ró láti inú, ó wá fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ ojú ọgbẹ́ náà láti ìta. Mò ń wò ó. Mo gbọ́ tàà! Ìlà kan sì sáré láti ibẹ̀ dé àárín gíláàsì bí ẹni fa òwú. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ẹ ò rí i? Ó ti ń rìn. Mọ̀mí, tẹ́ ẹ bá fi lè gbé ọkọ̀ yìí kúrò níbí, ojú yín ló máa tú dà sí."

Àtàǹpàkò rẹ̀ ló fà á. Ojú mi ló ṣe. Síbẹ̀ mi ò lè bá a jà, ẹ̀rù ti sọ mí di ọmọdé. Irọ́ sì ni pé yóò tú dà sí mi lójú, ike tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò ní jẹ́ kó tú bẹ́ẹ̀.

Ó ní China wà ní 55,000 náírà, tòkunbọ̀ tó jẹ́ orígínà wà ní 110,000. Ó gbé tòkunbọ̀ jáde, ó fi àmì igun rẹ̀ hàn mí: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ mi wà níbẹ̀, àwọn lẹ́tà wínníwínní wà lábẹ́ rẹ̀. A ná an títí, a fẹnu kò sí 95,000 pẹ̀lú owó iṣẹ́. Mo fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Orúkọ obìnrin ló jáde lórí àkáǹtì náà, mi ò bi í léèrè. Ó wá ní oòrùn ti mú jù, kí màmá òun lọ jókòó sábẹ́ ibòji lọ́dọ̀ olóúnjẹ tó wà lódìkejì, àwọn á pè mí. Mo lọ. Mo jẹ àmàlà. Àmàlà yẹn nìkan ni nǹkan tí mo rà lọ́jọ́ náà tí kì í ṣe ayédèrú.

Nígbà tí mo máa padà, gíláàsì ti wọlé, wọ́n ti fi téèpù yí etí rẹ̀ ká. Mo wo igun, mo rí àmì, ọkàn mi balẹ̀.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí mo fi rí i pé tí mo bá yí orí, òpó iná ẹ̀gbẹ́ títì máa ń jó bí òjìji inú omi. Orí ń fọ́ mi kí n tó dé Ṣágámù. Mo ní bóyá ojú mi ló ti ń darúgbó. Òjò ńlá wá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ní àárọ̀, kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ apá ọ̀tún ti mu omi yó, inú ọkọ̀ ń rùn bí ẹ̀fọ́ àná, omi sì ń kán tó tó láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Inú bí mi, mo fi èékánná ha àmì igun gíláàsì yẹn. Ó ṣí! Ó ń dà sábẹ́ èékánná mi bí ẹfun. Mo nù ún, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ni wọ́n fi kọ ọ́. Gíláàsì tí mo sanwó fún kọ́ ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ mi.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi, ẹni tó mọ ọkọ̀ náà ju èmi lọ. Ó ki ìka bọ etí gíláàsì, ó fa gọ́ọ̀mù náà, ó ń nà bọ̀ọ̀rọ̀bọ̀ọ̀rọ̀ bí ṣingọ́ọ̀mù. Ó ní, "Ìyá Aláṣọ, silicone nìyí, èyí tí wọ́n fi ń dí etí báàfù." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti igun kan láti inú, gíláàsì dìde. Ọwọ́ kan péré! Àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó wá là mí lóye pé gíláàsì iwájú wà lára ohun tó ń gbé òrùlé ọkọ̀ ró tí ọkọ̀ bá ta kìtì, àti pé airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú láti gba èèyàn dúró tí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan) ti ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, ara gíláàsì yìí ló máa ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá wú. Tí gíláàsì bá jáde, airbag náà á tẹ̀ lé e. Ọmọ mi obìnrin ló sábà máa ń jókòó síbẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó yẹ ni wọ́n ń pè ní urethane. Dúdú ni, ó nípọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kun primer, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn, kó tó mú dáadáa. Ọ̀dà dúdú tó yí etí gíláàsì ká, tí èmi rò pé ọ̀ṣọ́ ni, òun ló ń bo gọ́ọ̀mù náà kí oòrùn má baà jẹ ẹ́. Tèmi, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún. Ipa irun búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà níbẹ̀.

Mo padà lọ. Ọmọkùnrin mìíràn ni mo bá: "Ọ̀gá ò sí mà. Ẹ mú rìsíìtì wá." Mo mú un jáde. "Gíláàsì 1" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí irú ọkọ̀, kò sí irú gíláàsì, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tí kò sì léwu, ọ̀rọ̀ orí rìsíìtì ò lè pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lẹ máa kọ̀wé sí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tún ní LASCOPA, ti ìjọba ìpínlẹ̀ yín. Èmi ti kọ tèmi. Ibi tó ti há ni pé wọ́n ń béèrè ẹ̀rí. Kí ni mo ní? Rìsíìtì tí kò sọ nǹkan kan àti orúkọ obìnrin tí mi ò rí rí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo pé kí ẹ fi fóònù ya àmì igun gíláàsì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì tún yà á lẹ́yìn tí wọ́n bá fi sínú ọkọ̀. Ẹ fi èékánná ha á lójú wọn. Àmì tòótọ́ kì í ṣí, ṣe ni wọ́n yan án tàbí fín in mọ́ gíláàsì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀: Laminated, ìyẹn méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, AS1 ló yẹ kó wà lára rẹ̀ àti DOT pẹ̀lú nọ́ńbà. Ti Yúróòpù máa ń ní lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú òbìrípo, pẹ̀lú 43R. Tẹ́ ẹ bá rí Tempered (èyí tí wọ́n fi ooru mú le) tàbí AS2, ti iwájú kọ́ nìyẹn o, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ ní ìbú pẹ̀lú, ẹ máa rí ìlà tó fi hàn pé méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka wá ibi tó ti sán tó fara pamọ́ sí etí rẹ̀, torí ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti gé e.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe é tán. Ebi ò ní pa yín kú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò gọ́ọ̀mù náà hàn yín, ẹ ka iye wákàtí tó yẹ kí ọkọ̀ fi dúró kó tó rìn, torí ó yàtọ̀ síra. Lọ́jọ́ náà, ẹ ṣí wíńdò ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ má sì gbá ilẹ̀kùn dé, afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè ti gọ́ọ̀mù tí kò tíì gan.

Ti inṣọ́ráǹsì, third party, èyí tí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní, tó di 15,000 náírà fún ọkọ̀ àdáni ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ò kan gíláàsì yín rárá, ẹlòmíì tí ẹ bá ṣe léṣe àti dúkìá rẹ̀ ló wà fún. Ẹni tó bá ní comprehensive, èyí tó ń bo ọkọ̀ tirẹ̀ náà, kó pè wọ́n kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ, ọkọ̀ tirẹ̀ jẹ́ tuntun díẹ̀, kámẹ́rà tó ń wo ọ̀nà wà lẹ́yìn gíláàsì lókè níbi dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn. Irú rẹ̀, tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì, wọ́n gbọ́dọ̀ tún kámẹ́rà náà tò pẹ̀lú ẹ̀rọ, kó má baà máa ṣi ọ̀nà wò. Ọ̀dọ̀ àwọn oní gíláàsì ló ti pè mí. Wọ́n ní kámẹ́rà yẹn ò ṣe nǹkan kan, àwọn á kàn lẹ̀ ẹ́ padà. Mo bi í bóyá wọ́n ti fọwọ́ kan ojú ibi tí òkúta bà.

Ó ní, "Rárá, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ti na àtàǹpàkò."

Mo ní kó wọnú ọkọ̀, kó ti ilẹ̀kùn, kó máa bọ̀. Oje ni wọ́n fi tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ṣì máa rí ojú kan bín-ín-tín níbẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́.