Táyà tuntun àbí tòkunbọ̀ fún jíìpù?

Tòkunbọ̀ kò wọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ibi tí wọ́n tẹ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2316 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2016. Ilà ojú rẹ̀ lè ṣì jìn dáadáa, kí rọ́bà ti gbó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí amọ̀ gbígbẹ, ẹ fi sílẹ̀. Irú rẹ̀ ló ń bẹ́ lórí eré nígbà tí títì bá gbóná tí ẹrù sì pọ̀.

Tuntun lèmi yóò rà. Ẹ ṣáà ka DOT tirẹ̀ náà, torí ó lè ti pẹ́ nínú oòrùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tún wo nọ́ńbà ẹrù tó wà lẹ́yìn ìwọ̀n táyà: 112 lẹ́yìn 265/70R16 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 1,120 kílò. Ẹ má ra èyí tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín. Bówó bá ká méjì péré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ so wọ́n mọ́, kí ìdí ọkọ̀ má baà yọ̀ nínú òjò.