Waterloo: Ẹ Kọ́kọ́ Lọ sí Hougoumont Kí Ẹ Tó Gun Òkè Kìnnìún

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá pápá ogun Waterloo ní Bẹ́ljíọ̀m tó owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tó o, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń wò ó ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Òkè Kìnnìún, òkè àtọwọ́dá tí ère kìnnìún wà lórí rẹ̀, ni wọ́n ń sáré gùn: àtẹ̀gùn 226, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Òkè yẹn kò sí níbẹ̀ rárá ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1815, nígbà tí Napoleon, olú ọba Faransé, àti Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kojú ara wọn. Láàárín 1820 sí 1826 ni wọ́n kó o jọ, inú pápá ogun náà gan-an ni wọ́n sì ti wa erùpẹ̀ rẹ̀. Gegele tí àwọn ọmọ ogun Wellington dúró lé lórí ni wọ́n gbẹ́ lọ. Ó dùn mí gan-an, torí ohunkóhun tó wà nínú erùpẹ̀ yẹn ti dàrú, kò sí awalẹ̀pìtàn tó lè tò ó padà sípò.

Hougoumont ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lẹ máa fi wọ ibẹ̀ àti mùsíọ́mù abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015. Ilé oko ni, ògiri bíríkì sì yí ọgbà rẹ̀ ká. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn Faransé ń kọlù ú. Ihò tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ti ìbọn bọ̀ ṣì wà lára ògiri náà. Ẹ dúró níwájú ọ̀kan, kí ẹ yọjú wo ìta. Ibi tí igbó wà nígbà yẹn kò jìnnà rárá, ẹni tó bá jáde látinú igbó kò sì rí ibi sá pamọ́ sí.

Láti 2015 ni àjọ Waterloo Uncovered ti ń walẹ̀ ní pápá ogun náà. Àwọn sójà tó ti fara gbọgbẹ́ nínú ogun ayé òde òní wà lára àwọn tó ń di ṣọ́bìrì mú pẹ̀lú àwọn onímọ̀, èyí sì wú mi lórí púpọ̀. Ọta òjé ni wọ́n ń rí jù. Ti Gẹ̀ẹ́sì tóbi, ó sì wúwo ju ti Faransé lọ, torí ẹnu ìbọn wọn fẹ̀ jù. Èyí tó bá ṣì rí róbótó, ó ṣeé ṣe kó jábọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kì ọta sínú ìbọn. Èyí tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ ti lọ gbá nǹkan. Bí wọ́n bá ṣe ń sàmì sí ibi tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìjà ṣe lọ á máa hàn.

Nínú mùsíọ́mù, ẹ má kánjú kọjá lára egungun ọmọ ogun tí wọ́n rí lọ́dún 2012. Ọta ìbọn wà láàárín egungun ìhà rẹ̀. Lójú tèmi, òkú èèyàn kì í ṣe ohun àpàtẹ, ó yẹ kí wọ́n sin ín.

Ju 10,000 èèyàn ló kú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ egungun tó pé pérépéré tí awalẹ̀pìtàn ti rí kò tó nǹkan. Kí ló dé? Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé nígbà tí iṣẹ́ ṣúgà gbilẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀m láti nǹkan bí 1834, wọ́n ń hú egungun tà. Wọ́n ń sun ún di èédú, òun ni wọ́n fi ń sẹ́ omi ṣúgà kó lè funfun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó débẹ̀, torí pápá náà tutù yọ̀yọ̀ lójú, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí sàréè nínú rẹ̀.

Bí àyè bá wà, ẹ yà sí Mont-Saint-Jean, ilé oko tí wọ́n ti tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Bíà ni wọ́n ń pọn níbẹ̀ báyìí. Lọ́dún 2019, wọ́n hú egungun ẹsẹ̀ tí wọ́n gé níbẹ̀; ní 2022, odindi egungun èèyàn kan.

Ẹ wọ bàtà tó nípọn, amọ̀ ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin lọ o, láti 1914 ni òfin ti ń dáàbò bo pápá náà.