Láptọ́ọ̀pù, PLC tàbí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́: èwo ni kí ẹ fi owó yín rà?

Ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Olúyọ̀lé àti ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Mọníyà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé láptọ́ọ̀pù mi yìí ò lè máa tan ẹ̀rọ kó sì máa pa á ni?" Ó ṣeé ṣe. Ẹ ra àpótí kékeré tó ń gba wáyà sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń wọn omi tàbí ooru), ẹ fi okùn USB so ó mọ́ ọn. Bí omi ṣe pọ̀ tó nínú táǹkì àti bí mọ́tò ṣe gbóná tó á máa hàn lójú rẹ̀. Òun ló rọ owó lọ́rùn jù.

Àmọ́ ká máa wo ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ká máa darí ẹ̀. Bí Windows bá ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́, àṣẹ yín á dúró dè é. Mo wà ní iléeṣẹ́ kan lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà ṣàdédé pa ara rẹ̀ tó tún tan, ó ní òun ń gba àtúnṣe. Pọ́ǹpù ò rẹ́ni sọ fún un pé kó dúró. Omi kún táǹkì, ó ṣàn wọ yàrá tí wọ́n kó ọ̀rá sí. Oṣù kẹwàá 2025 sì ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10 lásán. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ò lè gba Windows 11.

PLC (programmable logic controller) ni àpótí kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, tí àwọn rẹwáyà ń dè mọ́ inú páánẹ̀lì. General Motors ló béèrè fún irú rẹ̀ ní 1968, torí títú wáyà rìléè (suwíìṣì tí iná ń tẹ̀) palẹ̀ nígbàkúgbà tí ọkọ̀ tuntun bá dé ti sú wọn. Ó ka sẹ́ńsọ̀, ó pàṣẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Iná lọ, iná dé, kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé mọ́tò ò ní tan fúnra rẹ̀ bí iná bá dé: ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ lè wà nínú ẹ̀rọ.

Kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe kó le fún inú iléeṣẹ́, wọ́n. Èyí tí kò ní fáànù kì í fa eruku mì, ọ̀pọ̀ wọn ń lo iná 24V, síbẹ̀ Windows ló máa ń wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ńlá ni mo lè ní kó rà á.

Èmi ò ní rà ju PLC kékeré kan lọ, kí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ máa ṣe ojú fún un. Wáyà RS-485, tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín PLC àti láptọ́ọ̀pù, lè gùn tó 1,200 mítà, nítorí náà ọ́fíìsì lè wà lẹ́nu géètì kí ẹ̀rọ wà lẹ́yìnkùlé. Okùn USB lásán ò ju mítà 5 lọ. Láptọ́ọ̀pù kú, ẹ̀rọ ń lọ lọ́wọ́.

Sẹ́ńsọ̀ 4–20 mA (mílíáńpì) ni kí ẹ béèrè, èyí tó ń fi iná 4 mA ránṣẹ́ bí táǹkì bá ṣófo, 20 mA bó bá kún: bó bá ka òdo, ẹ mọ̀ pé wáyà ti já, kì í ṣe pé táǹkì ṣófo. Bọ́tìnnì pupa tó ń pa ẹ̀rọ ní pàjáwìrì gbọ́dọ̀ gé iná kọ́ńtákítọ̀ (suwíìṣì ńlá tó ń gbé iná fún mọ́tò) fúnra rẹ̀, kó má gba inú kọ̀ǹpútà kankan kọjá. Ẹni tó bá sì kọ ètò PLC náà, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó tó kù.