Brooklyn Nine-Nine: Níbi tí kéèsì bá wà ni ẹ̀rín ti ń wá

Ẹni tó bá ti dúró rí níwájú káńtà tésàn ọlọ́pàá, ì báà ṣe torí kó gba ìwé pé fóònù òun sọnù, á ti rí i pé àwàdà ń bẹ níbẹ̀ tí kò ṣeé rín lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ń wá báírò, ẹnì kejì ń bi ẹnì kẹta pé ta ló gbé ìwé àkọsílẹ̀ lọ, ọ̀gá sì ń pariwo láti yàrá inú. Orí irú ibi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ Brooklyn Nine-Nine lé, eré àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú tésàn kan ní New York. Orí Fox, tẹlifíṣàn kan ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Fox dá a dúró ní oṣù karùn-ún 2018. Lọ́jọ́ kejì, NBC, tẹlifíṣàn mìíràn, ti gbé e. Ó parí ní 2021 lẹ́yìn sísìn (ìyẹn abala ọdọọdún) 8 àti ìpín 153. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wò ó tán. Bí ìdajì ló tó owó dátà.

Kí ọ̀rọ̀ ipò má baà dojú rú: Raymond Holt, tí olóògbé Andre Braugher ṣe, kì í ṣe kọmíṣánnà. Ẹ má fojú Eléwéẹran, oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn, wò ó. DPO ni ẹ pè é, ọ̀gá tésàn kan ṣoṣo tí àwọn ọ̀gá mìíràn ṣì ń bẹ lórí rẹ̀. Terry Jeffords ni sájẹ́ǹtì tó ń kó àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ. Jake Peralta, Amy Santiago, Rosa Diaz àti Charles Boyle ni IPO, àwọn tí wọ́n ń há kéèsì fún. Nọ́ńbà 99 yẹn, àròsọ ni, kò sí i ní New York. Ilé tí ẹ ń rí láti ìta, ti tésàn 78 ní Brooklyn ni; ṣùgbọ́n Los Angeles ni wọ́n ti ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tí kéèsì bá wà nílẹ̀ nínú eré yìí, tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n fún, ẹ̀rín á máa jáde fúnra rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti pòórá, tí wọ́n wá ń ṣe bí ọmọ jéléósinmi, ẹ̀fẹ̀ á di àfipáṣe.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń to ìpín kan. Kí orúkọ eré tó jáde, wọ́n á ti dá àwàdà kékeré kan tí kì í sábà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, tí kò sì kan ìtàn tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín àwọn òṣèré sí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta: ìtàn ńlá kan tí Jake sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìtàn kejì, àti ìtàn kẹta tó ń jẹ àjẹkù. Ẹ ṣírò rẹ̀. Yọ àwàdà ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ìṣẹ́jú 22, ogún ló kù fún ìtàn mẹ́ta. Èyí tó gbẹ̀yìn kì í sábà rí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ: wàhálà bẹ̀rẹ̀, wàhálà le, wàhálà tán. Ohun tó sì ń mú àwàdà dùn gan-an ni kí nǹkan máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni, ìyẹn kò ráyè. Inú àjẹkù yìí ni Boyle ti ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ibẹ̀ náà ni Hitchcock àti Scully, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì tí wọn kì í dìde lórí àga, wà. Lẹ́ẹ̀kan, ó dùn. Tó bá fi máa di sísìn kẹrin, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kí wọ́n tó la ẹnu.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń ya ẹni tó dàgbà sínú eré Bàbá Sàlá lẹ́nu. Wọn kì í dúró de ẹ̀rín. Kò sí èrò níwájú wọn, wọn kì í sì í fi ẹ̀rọ lẹ ẹ̀rín mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń parí ni èkejì ń gbà á. Ẹ fún un ní ìpín mẹ́ta kí etí yín tó bá a mu.

Ìpín tí a fi ń wọn gbogbo ìyókù ni The Box, ìpín 14 nínú sísìn 5, oṣù kẹrin 2018. Nínú èyí, ìtàn kejì àti ìkẹta ti lọ. Yàrá ìfọ̀rọ̀wádìí kan, tábìlì kan, èèyàn mẹ́ta: Jake, Holt, àti dókítà eyín kan tí wọ́n fura sí pé ó pa ẹni tí wọ́n jọ ń dá òwò pọ̀. Sterling K. Brown ló ṣe dókítà yẹn, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ Emmy. Ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kò tó. Bó bá jẹ́wọ́, kéèsì dúró. Bí kò bá jẹ́wọ́, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Òru mọ́jú ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ní ìdáhùn sí. Ó ń dáhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé iye tí wọ́n ń gbà láti dí ihò eyín. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá kan oyè, ó ní ẹni tó gba dókítà nídìí ìwé kì í ṣe dókítà gidi. Holt, tí ojú rẹ̀ kì í yí padà láti ọdún dé ọdún, bú gbàù, torí ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni Kevin tí wọ́n jọ fẹ́ ara wọn. Ẹ dá ibẹ̀ dúró kí ẹ tún un wò. Afurasí ló jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá ni àṣírí ọgbẹ́ rẹ̀ tú. Ipò ti yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kúrò lórí àga.

Bí Jake ṣe wá ṣí i lẹ́nu ni ọgbọ́n ìpín náà. Kò halẹ̀, kò lu tábìlì. Ó fojú di í: ó ní kò sí làákàyè kankan nínú ìpànìyàn ọ̀hún, oríire lásán ló gbà á. Òpònú ì bá dákẹ́. Dókítà yìí kò lè gbà kí wọ́n pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní oríire, ló bá fi ẹnu ara rẹ̀ ro ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹni tó mọ òfin wa á tún rí adùn kan sí i. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Láti Láfẹ́ńwá dé kóòtù Májísíréètì Ìsàbọ̀ ní Abẹ́òkúta kò tó ìdá mẹ́rin ìyẹn. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì ní ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìnira gbà lẹ́nu èèyàn kì í dúró. Nítorí náà, aago tó ń lù nínú The Box, àwa náà mọ̀ ọ́n. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n gbà níbẹ̀, láìsí ìgbájú kan ṣoṣo, ló ṣòroó gbà jù.

Kì í ṣe èèṣì pé Braugher ló jókòó síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, òun ló ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Frank Pembleton nínú Homicide: Life on the Street, eré ọlọ́pàá tó le koko, ó sì gba Emmy fún un ní 1998. The Box ni wọ́n ń pe yàrá ìfọ̀rọ̀wádìí nínú eré yẹn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé Braugher kò gbìyànjú láti pa èèyàn lẹ́rìn-ín rárá. Iṣẹ́ tó ń ṣe láyé ọjọ́un ló ṣì ń ṣe, àwọn tó wà láyìíká rẹ̀ ni wọ́n yí padà.

Ẹ wá fi ìpín olè jíjà ọdọọdún wé ìyẹn. Àkọ́kọ́, Halloween (orúkọ ọdún ìparí oṣù kẹwàá lọ́dọ̀ wọn), ìpín 6 nínú sísìn 1, mọ́ tónítóní: Jake bá Holt ta á pé òun á jí mẹ́dàlì ìgboyà rẹ̀ kí aago méjìlá òru tó lù. Ohun kan ṣoṣo, gbèdéke kan, ọ̀gá kan tó gbọ́n ju olè lọ. Àṣírí bí Jake ṣe borí, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, bá ohun tí Holt ti ń kọ́ ọ láti ìpín kìn-ín-ní mu, ìyẹn ìpín tó ti ní dandan kó so táì, torí ẹgbẹ́ kan ni gbogbo wọn. Ní ọdún kejì, Holt gbẹ̀san. Ní ìkẹta, Amy ló gbà á. Ní ìkẹrin, Gina, akọ̀wé Holt. Láti ibẹ̀ ni ìṣòro ti wọlé. Bí gbogbo èèyàn bá ti lè jẹ́ ọ̀dàlẹ̀, kò sí ọ̀dàlẹ̀ kankan mọ́. Ẹ̀yin tó ń wò á kàn máa dúró de ẹni tó máa yọ níkẹyìn tí á wí pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin á sì lọ lórí àlàyé bó ṣe ṣe é. Ti sísìn 5 nìkan ló tún jí dìde, torí Jake fi ohun tí wọ́n ń jà lé lórí béèrè lọ́wọ́ Amy bóyá ó máa fẹ́ òun, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè bí kóòtù ṣe máa wo ẹ̀rí inú yàrá tí wọ́n ti ń bá ara wọn sá eré.) Nígbà tó di sísìn 6, oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún 2019 ni eré náà fi jáde, wọ́n bá gbé olè jíjà náà lọ sí oṣù karùn-ún. Ẹ fo ìyẹn.

Moo Moo, ìpín 16 nínú sísìn 4, ni ibi tí ìtàn kejì ti ṣiṣẹ́ gidi. Ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan dá Terry dúró ládùúgbò Terry fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń wá aṣọ ìbora ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn. Holt ní kó fi í sílẹ̀, kó kọ́kọ́ dépò ńlá tó lè fi tún nǹkan ṣe. Lákòókò yẹn, Jake àti Amy ń tọ́jú àwọn ìbejì Terry, àwọn ọmọ náà sì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá wọn. Ohun tí àgbà ń jiyàn lé lórí ní ọ́fíìsì ni ọmọ ń béèrè nílé. Ìtàn méjì, ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó rántí ìwọ́de EndSARS oṣù kẹwàá 2020 nílẹ̀ yìí kò nílò ògbufọ̀. Holt yí ọkàn padà, ó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ipò tí Terry ń wá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọn ò fi àwàdà pa á rẹ́.

Sísìn 8 ò nírú ìgboyà yẹn, bó tilẹ̀ gbìyànjú. Lẹ́yìn ikú George Floyd, aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà pa ní 2020, wọ́n da ìpín mẹ́rin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nù, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Rosa kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láti máa ran àwọn tí ọlọ́pàá fìyà jẹ lọ́wọ́, èyí dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó wúwo ni wọ́n fi sẹ́nu òṣèré láti sọ jáde, dípò kí wọ́n fi kéèsì hàn án. Moo Moo ti ṣe é tẹ́lẹ̀ láìsí ìwàásù.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò kí ẹ tó náwó, ìpín márùn-ún tó: àkọ́kọ́ pátápátá, Halloween, Moo Moo, The Box, àti àkọ́kọ́ nínú sísìn 8. Bí ìwọ̀n àwòrán tí ẹ yàn bá ń jẹ 0.7 GB ní wákàtí kan, márààrún kò ní ju 1.3 GB lọ. Gbogbo 153 á gba nǹkan bíi 39 GB. Ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, torí òyìnbó wọn ń sáré, ẹ̀fẹ̀ tí ẹ bá pàdánù kò ní padà wá. Èèyàn máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ torí pé ọlọ́pàá ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dá lórí ayé níbi tí ọkùnrin méjì ti lè jẹ́ tọkọtaya láìsí àlàyé. Ẹ kọ́kọ́ dá a wò. Ẹ má sì wò ó lórí fóònù kékeré nínú ọkọ̀ tó ń sáré láti Kútò, torí bí Holt bá ń sọ̀rọ̀ níwájú, ohun tí Scully ń jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdajì àwàdà.